Ẹ̀bi ta ni bí àwọ̀ ìwé ìpè bá ṣá?

Bí àwọ̀ ìwé ìpè ìgbéyàwó bá jáde yàtọ̀ sí èyí tí oníbàárà rí lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n máa ń bú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ náà ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò ló ń ya iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n á wá gbé e lọ sí Ṣómólú fún títẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ti ewé àti búlúù, ìyẹn RGB, ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde. Yíǹkì mẹ́rin, ìyẹn CMYK, ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Ìdí nìyí tí àwọ̀ tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà fi ń ṣá lórí bébà. Fọ́tò tí wọ́n gbà lórí WhatsApp kì í sábà tó 300 dpi tí iṣẹ́ tó dára ń fẹ́. Bí wọn kò bá sì fi mìlímítà 3 kún etí iṣẹ́, ọ̀bẹ tó ń gé bébà lè fi ìlà funfun sílẹ̀.

Owó oníbàárà ló ń ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìnáwó kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí àwọn tó ń ya iṣẹ́ máa yí i sí CMYK, kí wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àwọn àwọ̀ kan wà tí yíǹkì kò lè gbé. Kí oníbàárà náà máa bèèrè ẹyọ kan lórí bébà, kó tó ní kí wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.