Ìmọ̀ Ewé Inú Ilé Yín: Ta Ni Ó Ni Ín?



Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Ojúwòyè ní Mushin mọ ìyèré, kànáfùrù, osùn àti ewé ọkà bàbà. A ń fi ìyèré se ọbẹ̀, a sì ń fi osùn pa ọmọ lára. Àwọn mẹ́rin yìí náà ni a fi ṣe Niprisan, oògùn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ọmọ Yorùbá kan, Reverend P. O. Ògúnyalé, ni ó ní ìmọ̀ àgbo náà. Ó bá NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní 1998, NIPRD gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Pátẹ́ǹtì ni ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun titun tí ènìyàn ṣe, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà láìgba àyè, fún 20 ọdún. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àyè láti máa ṣe oògùn náà. NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006. Ní 2008, Xechem wọko gbèsè. Pátẹ́ǹtì kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ ibi tí ìmọ̀ náà ti wá.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ àwọn ìyá wa kò sí nínú ìwé kankan. Bí àlejò bá mú un lọ sókè òkun, tí àwọn aláyẹ̀wò kò rí i nínú ìwé, wọ́n lè kà á sí ohun titun tirẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fẹnu kò ní Geneva, ní 24 May 2024, lábẹ́ àjọ WIPO, pé ẹni tí ó bá ń tọrọ pátẹ́ǹtì lórí ewé tàbí egbò gbọ́dọ̀ sọ ilẹ̀ tí ó ti mú un àti àwọn tí ó ni ìmọ̀ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè 15 ni yóò kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gba àdéhùn náà kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ ra ìwé ajákọ kan. Ẹ bi ìyá àti ìyá ọkọ yín léèrè. Ẹ kọ orúkọ ewé, ibi tí a ń lò lára rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ni, àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àṣírí ẹbí, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má sì fi lé àlejò lọ́wọ́ láìsí àdéhùn: ohun tí ayé ti gbọ́ kì í tún ṣe ohun titun, ẹ̀yin pàápàá kò ní lè gba pátẹ́ǹtì lé e lórí mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìtorí èyí se àgbo fún ọmọ tí ó ní àrùn náà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.