Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Ẹ Fi Kòtò Hàn Wá

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jáde nínú kòtò tán, tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, tó wá ń sọ fún ará yòókù pé ọ̀nà náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, ọgbọ́n wo la fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀? Ohun tí mo rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ti jáde nílé ìwé wa, tí wọ́n sì ti gboyè ní yunifásítì, máa ń wá bá wa sọ. Ó yẹ ká sọ ọ́ síta, torí ọ̀rọ̀ wa ni.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn asẹ́ńbílì, wọ́n á ní ká má tíì wọ kíláàsì. Ọ̀gá ilé ìwé á fi àlejò hàn wá pé orí ilẹ̀ tí a dúró sí yìí lòun náà dúró sí rí. A ó pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá náà, tàbí àǹtí náà, á gba máìkì. Wọ́n á sọ orúkọ yunifásítì tí wọ́n lọ, oyè tí wọ́n gbà, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní ká kàwé, ká bẹ̀rù Ọlọ́run, ká má kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, ká gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà yẹn, oòrùn á ti máa pa àwọn JSS 1 tó wà níwájú. Wọ́n á pín ìwé àti báírò, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí.

Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà burú o. Ẹni tó fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún kọjá nítorí tiwa, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti jáde tí wọn ò bojú wẹ̀yìn mọ́. Ṣùgbọ́n "ẹ kàwé" yẹn, àwọn òbí wa ń sọ ọ́ nílé, àwọn olùkọ́ wa ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà náà kọjá nìkan mọ̀ dáadáa, òun là ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi JAMB ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ mẹ́rin lèèyàn ń ṣe nínú ìdánwò UTME, máàkì 400 sì ni gbogbo rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo èèyàn, ìbéèrè 60 ló ní. Àwọn mẹ́ta yòókù ní ìbéèrè 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù yìí ni kòtò wà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mú Biology, Chemistry àti Physics. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà, Literature ni wọ́n á kọ́kọ́ wò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka Computer Science kò lè sá fún Maths àti Physics. Bí iṣẹ́ tí o mú kò bá bá kọ́ọ̀sì tí o fẹ́ mu, o lè gba máàkì gọbọi kí wọ́n má sì gbà ọ́. Lóòótọ́, JAMB gbà kí èèyàn yí kọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwé padà, ṣùgbọ́n owó ni, wàhálà káfé ni, nígbà míì odidi ọdún kan ló máa ń bá a lọ.

Ibi tó wá dùn mí jù nìyí: kì í ṣe ní SS 3 la ti ń pinnu ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí a bá ń kúrò ní JSS 3, tí wọ́n ní ká mú sáyẹ́ǹsì, art tàbí commercial, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan ti ń ṣí tí òmíràn ń tì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá ló ń ṣe ìpinnu yẹn. Ẹlòmíràn lọ sí sáyẹ́ǹsì torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn sá lọ sí commercial torí wọ́n sọ fún un pé Physics le. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló máa tó mọ̀ pé kọ́ọ̀sì tó wà lọ́kàn òun, òun ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bá wá, SS 3 ni wọ́n sábà máa ń kọjú ọ̀rọ̀ sí, nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB ti wà níta.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tí Fourah Bay College bẹ̀rẹ̀ ní Freetown ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kan náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan tó fi ròyìn bí ogun ṣe kó wọn àti bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 kò fi kòtò tó jìn sí pa mọ́. Ọkọ ọmọ rẹ̀, T. B. Macaulay, ló sì dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ilé ìwé girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ ò rí i bí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fa ẹlòmíràn lọ́wọ́?

A ò ní kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó wá di tíṣà. Nǹkan mẹ́ta péré la ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ ohun tó ná yín. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ṣe JAMB kí ẹ tó wọlé? Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ sọ ọ́, a ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló san owó ilé ìwé yín? Ṣé kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ gan-an lẹ kà? Ṣé ó bá iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe báyìí mu? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ gbà pé àṣìṣe wà nínú èsì ìdánwò, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 tún un ṣe. Èkó nìkan ló kó ju ìdajì wọn lọ. Ẹni tó rí máàkì tó bà á lọ́kàn jẹ́, tó sì tún jókòó kàwé fún ìdánwò kejì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá wà lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní bí wọ́n bá ń sọ ìtàn fèélì fún wa, a ó máa rò pé kò sí nǹkan tó burú nínú kí èèyàn fèélì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní ẹ̀gbọ́n tó wà nílé tó ń ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn pa mọ́ fún wa. Ohun tí a ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ wá bá JSS 3, kí ẹ sì jókòó. Ẹ wọ kíláàsì, kó jẹ́ wákàtí kan, kí olùkọ́ tó ń gbà wá nímọ̀ràn wà níbẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó fẹ́ dà, kí ẹ sọ iṣẹ́ tó máa nílò. Èyí wúlò ju asẹ́ńbílì mẹ́wàá lọ.

Ìkẹta, kí ilé ìwé wa má dúró de ẹni ńlá láti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ jù sí ní Èkó, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣé nínú gbogbo wa yìí la ò ti ní rí ẹni pè? Láti 1983 ni LASU ti wà ní Ọjọ́, ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì sì gba Ìgàndó kọjá. Ẹni tó wà ní 200 level, tó ń wọ dáńfó lọ síbẹ̀ láràárọ̀, ọ̀rọ̀ JAMB ṣì tutù lẹ́nu rẹ̀. Láti 1973 ni àwọn àgùnbánirọ̀ ti ń sin ìlú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kọ́ni níwájú pátákó. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀. Ẹ tún pe ẹni tí kò lọ yunifásítì rárá, tó kọ́ṣẹ́ wáyà tàbí iṣẹ́ télọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, tó ti gba fìrídọ́ọ̀mù, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Òun náà jáde níbí, àbí kò jáde níbí?

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹjọ́ tiwa. Bí wọ́n bá ní "ta ló ní ìbéèrè?", gbogbo wa á dákẹ́ lọ gbári. Bó bá pẹ́, ẹnì kan á bi bọ̀dá bóyá ó ti fẹ́yàwó, a ó sì rẹ́rìn-ín wọ kíláàsì. Bí a bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ ìbéèrè wa sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹgbẹ́ oníròyìn gbà á jọ, kí olùkọ́ wa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ìdáhùn tó bá fún wa, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè kà á.

Ẹ̀yin SS 3 tó ń lọ lọ́dún yìí, ẹ̀yin làlejò ọjọ́ iwájú. Ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ iye tí ẹ san, ibi tí wọ́n ti dá yín padà, ẹni tó ràn yín lọ́wọ́ àti ohun tí ẹ̀ bá ti mọ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín padà, ẹ mú ìwé náà dání.