Bíárìn tòkunbọ̀ kì í ṣe ọjà ọ̀pọ̀ fún ọlọ́kọ̀ èrò

Bí èèyàn bá wọ danfo láti Ọ̀ṣòdì lọ sí Ìkòròdú, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn kan tó ń hùn lábẹ́ ọkọ̀. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn náà ń ròkè. Bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ti jẹ yẹn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, rédíò ni wọ́n kàn ń yí sókè.

Wọ́n ní kò sówó, òótọ́ sì ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù kárùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti wọ́n kọjá sísọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ ra bíárìn tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ní Múṣin. Ṣùgbọ́n ta ló mọ bó ṣe rìn tó lókè òkun kí wọ́n tó tú u? Èèyàn lè wo ilẹ̀kùn tòkunbọ̀ kó rí ibi tó ti dógùn-ún. Inú bíárìn tí wọ́n dé pa kò ṣeé wò. Òòlù tí wọ́n fi lù ú yọ pàápàá lè ti dá ọgbẹ́ sí ojú irin tí àwọn ọmọ róbótó inú rẹ̀ ń yí lé.

Oṣù mélòó kan sí i, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ yóò tún san owó iṣẹ́, ọkọ̀ yóò tún jókòó lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò sì ní sí dẹ̀lífárì lọ́jọ́ náà. Níbo ni èrè wà níbẹ̀? Ẹni tó bá sì ń fi í falẹ̀, ó lè gbóná títí tí yóò fi ba họ́ọ̀bù jẹ́, tàbí kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ lórí eré tòun ti èrò.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ariwo ni ti bíárìn. Táyà tó jẹ ségesège náà ń hùn. Ẹ pààrọ̀ táyà iwájú sí ẹ̀yìn: bí ariwo bá bá a lọ, táyà ni. Bí ó bá ń pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń yà sọ́tùn-ún, ti òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ibẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ sí. Ẹ fi jáàkì gbé e, kẹ́ ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì í. Bí ó bá ń yẹ̀, kí mẹkáníìkì wò ó dáadáa.

Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Mẹkáníìkì tó bá mú òòlù láti fi kì í wọlé, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́.