Má Pa Ẹ̀bùn Ọmọ Rẹ



Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń gbé Festac Town ni kì í rántí ohun tó mú kí ìjọba kọ́ ọ. Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ni, èyí tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1977. Nítorí olórin, oníjó àti ayàwòrán ni a ṣe rí ilé gbé. Síbẹ̀, bí ọmọ wa bá ní àwòrán ni òun fẹ́ máa yà, igbe la ó fi bọ ẹnu: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Dókítà ni tèmi!”

Ẹ gbọ́ ìtàn Lemi Ghariokwu, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1955. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀. Ó ya àwòrán Bruce Lee, òṣèré fíìmù ìjà, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ilé ọtí kan ládùúgbò. Ní ọdún 1974, akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, rí i níbẹ̀, ó wá ọmọ náà kàn, ó sì ní kó ya Fẹlá, olórin Afrobeat.

Nígbà tí Fẹlá rí àwòrán ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó kọ sọ̀wédowó 120 náírà fún ọmọ ọdún 18 náà. Owó gidi ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbà á. Ó ní láti ọkàn òun ni òun ti fi ta á lọ́rẹ. Fẹlá bá kọ ìwé pélébé kan fún un, pé kí wọ́n máa jẹ́ kó wọ òde orin òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ló ya páálí rẹ́kọ́ọ̀dù Alagbon Close. Páálí 26 ló yà fún Fẹlá lápapọ̀. 120 náírà ì bá ti tán tipẹ́. Àwòrán tí kò gbowó lé lórí ló ṣí ilẹ̀kùn. Òwe 18:16 fi yé wa pé ọrẹ tí ènìyàn ta a máa la ọ̀nà fún un.

Ẹnìkan yóò ní, “Pásítọ̀, Fẹlá kẹ̀? Igbó àti ìhòòhò ara páálí wọ̀nyẹn ńkọ́?” Òótọ́ ni, èmi náà kò ní gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ sí pálọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ta ló dá ọwọ́ tó yà wọ́n? Nínú Ẹ́ksódù 31, Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Besaleli fún iṣẹ́ ọnà. Bí ilé Ọlọ́run bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀bùn, ilé ọtí yóò fún un ní ògiri.

Èmi náà jẹ̀bi. Ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, mo bá ọmọ mi tó ń ya ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Mo fa ìwé náà ya, mo sì nà án. Ó gbọ́ràn, kò yàwòrán mọ́ títí dòní. Láìpẹ́ yìí, ọmọ tirẹ̀ ń fi pẹ́ńsùlù ya ẹyẹ nílé mi. Bàbá rẹ̀ wò mí lójú, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé ọkàn.

Òbí, ẹ jẹ́ kó kàwé, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwé na ẹ̀bùn pa. Ẹ ra pẹ́ńsùlù fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ fún un ní ògiri. Ẹ sì fi Ẹni tó fún un ní ẹ̀bùn hàn án.

Àdúrà: Baba, dárí ẹ̀bùn tí mo ti pa jì mí. Ṣí ojú mi sí èyí tó kù nínú ilé mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.