Bátìrì Kì í Lọ Họ́lídé

Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn. Ìgbà náà ni àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi máa ń jà. Bí èèyàn kò bá tètè fín oògùn, ohun tó yẹ kó di owó ilé ìwé yóò jẹrà sórí igi. Lọ́dún tó kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀, bàbá mi gbé pọ́ǹpù ìfínkòkó tó ń lo bátìrì jáde, wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò dún. Wọ́n fi sórí iná mọ́jú, pàbó ló já sí. Wọ́n pè mí: “Ìwọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná ní yunifásítì, kí ló pa bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò lò?”

Mo mọ ìdáhùn, ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Wọ́n ti kọ́ wa, mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo gba máàkì lórí rẹ̀, n kò sì sọ ọ́ délé rí.

Àìlò yẹn gan-an ló pa á. Òjé àti ásíìdì ló wà nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Bí iná ṣe ń jáde nínú rẹ̀ ni nǹkan funfun kan ń lẹ̀ mọ́ àwọn awo òjé inú rẹ̀. Bí a bá tètè gba iná padà sí i, nǹkan náà yóò yọ́. Bí a bá fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, yóò gan bí òkúta, kò sì ní kúrò mọ́. Bàbá mi ti lò ó títí ó fi kú lọ́jọ́ tí wọ́n fín oògùn kẹ́yìn, wọ́n wá gbé e kọ́ sábẹ́ páànù láti oṣù Kọkànlá títí òjò fi dé.

Àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Kí òtútù tó dé, wọn á gba iná kún bátìrì ọkọ̀ wọn, wọn á tú wáyà rẹ̀, wọn á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ẹ̀rù yìnyín ló ń bà wọ́n, nítorí ásíìdì inú bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi mọ́. Ó lè dì, kó sì fọ́ ike. Àwa kò ní yìnyín ní Ìdànrè. Ṣùgbọ́n ooru la ní, ooru ló sì ń yára fa iná inú bátìrì tó wà nílẹ̀ gbẹ: bó bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná tó ń ṣòfò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí ni ínfátà yàrá ìkàwé wa. Gbogbo ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba owó bátìrì. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò bá parí, a ó fi wo bọ́ọ̀lù títí yóò fi kú, a ó ti ilẹ̀kùn, ó dìgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ ó rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Bátìrì wo ló máa wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ láìjẹ iná tí yóò jí? Àwọn ọmọ ọdún kìíní tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló tún ń dá owó òmíràn. Wọ́n ní àdàmọ̀dì ni wọ́n ń tà fún wa. Àdàmọ̀dì wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kú, àwa la pa á.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí a tó ti ilẹ̀kùn, kí a gba iná kún un, kí a jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí a wọ̀n ọ́. Bátìrì fóòtì 12 tó kún yóò fi bí 12.6 hàn, èyí tí kò bá tó 12.4 kò tíì yẹ ní ìpamọ́. Bó bá jẹ́ èyí tó ń gba omi, omi bátìrì ni kí a bù sí i, kì í ṣe piọ́ wọ́tà. Kí a tú wáyà odì rẹ̀, nítorí ínfátà ń fa iná díẹ̀díẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lò ó. Kí ẹnìkan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà máa gba iná sí i lóṣooṣù. Kí iye fóòtì rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí aláṣẹ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ yóò jọ fọwọ́ sí. Bó bá wá ṣe pé líthíọ́mù la rà lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn yàtọ̀: ìdajì ni ká fi í sí.

Ẹnìkan ti bi mí pé bí wọ́n bá ti géètì ńkọ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì? Kí a gbé bátìrì jáde kí wọ́n tó tì í ni. Ó wúwo, mo mọ̀. Owó tí a ń dá náà kò fúyẹ́.

Bàbá mi ra tuntun. Nígbà tí mo délé ní Kérésìmesì, a jọ gba iná kún un, a sì gbé e kúrò lábẹ́ páànù wá sí pálọ̀. Wọ́n ní ta ni yóò máa rán àwọn létí lóṣooṣù. Mo ti fi sínú fóònù mi: ọjọ́ kìíní oṣù, pe Bàbá.