Bàálù Tó Pẹ́ àti Owó Gbà-má-bínú

  Nínú ìwé wa tó kọjá mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni màá tún kọ sí i. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ tí a ṣe ètùtù ìkẹyìn fún Ojùgbọ̀nà mi. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé owó Ìlú Ọba ló dá mi dúró. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lọ́la mọ ohun tí yóò ṣe.

Àwọn ọmọ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń retí ọmọ, tí wọ́n ní kí n wá bá àwọn ṣe àkọsẹ̀jayé. Ìyá ọmọ ò tíì bí tí mo fi débẹ̀. Ó bí, a ṣe é, ó dára. Ó ku ọjọ́ méjì kí n padà wálé ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé Bàbá ti wọ káà ilẹ̀ sùn. Láti ìgbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ni Bàbá ti ń kọ́ mi ní Ifá. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé gírámà, bí mo bá dé lọ́sàn-án, tí mo bọ́ ẹ̀wù ilé-ìwé, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ mọ̀ pé ohun tí awo ń ṣe fún awo ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnì kan. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá.

Mo ṣírò rẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì náà, ni bàálù mi yóò gbéra. Ìrìn náà tó wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Ìgbà ooru wọn ni, tí aago tiwọn àti tiwa máa ń bára mu. Kí ó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ màá ti dé Èkó, kí ó sì tó di mẹ́wàá alẹ́ màá ti wà nílé Bàbá.

Aago mẹ́jọ ni mo ti dé pápákọ̀, àpò Ifá mi lọ́rùn mi. Aago mọ́kànlá lù, a ò wọlé. Méjìlá lù. Wọ́n wá kéde pé nǹkan kan lára ẹ́ńjìnnì bàálù náà ti bàjẹ́, pé wọ́n ń dúró de èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Mo yọ ìwé kékeré mi, mo kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀, mo kọ aago tí wọ́n wí i. Àṣà mi nìyẹn. Bí Odù bá yọjú lójú ọpọ́n, mo máa ń kọ ọ́, torí ẹni tí o dífá fún lónìí á padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, á ní kí ni Ifá wí lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé àkọsílẹ̀ yẹn ló máa gbà mí. Mo kàn ń wá ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe ni. Ẹ̀yin ológùn-ún, ẹ má bínú: mo bá Ògún wí díẹ̀ nínú mi lọ́jọ́ náà, torí irin rẹ̀ ló dá mi dúró.

Pátákó kan wà lẹ́bàá káńtà wọn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé bí bàálù bá pẹ́ tó wákàtí méjì, kí èrò béèrè ìwé tó sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo lọ béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní òun ò rò pé ó ṣẹ́kù. Mo ní kí ó bá mi wò ó dáadáa. Ó wò ó, ó rí i. Nínú ìwé yẹn ni mo ti kà á pé fún irú ọ̀nà jíjìn tiwa yìí, bí ó bá ti tó wákàtí mẹ́rin, wọ́n gbọ́dọ̀ fún wa ní oúnjẹ àti ohun mímu, ká sì tẹ ìpè méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi tí a ó sùn. Bí ó bá tó wákàtí márùn-ún, ẹni tí kò bá fẹ́ lọ mọ́ lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Ìyẹn ò kàn mí, ilé ni mò ń lọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń sọ Ìjẹ̀ṣà jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ti ń jẹ bisikíìtì láti àárọ̀, ó rò pé àwọn olówó ni wọ́n ń pín oúnjẹ fún. Mo mú un lọ gba tirẹ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo pe Olúwo wa nílé. Wọ́n ní, "Awo, ibo lẹ dé?" Mo ní mo ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n dákẹ́. Mo ní kí wọ́n máa bá a lọ, kí wọ́n má wojú mi. Wọ́n ní, "Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bàálù gbéra. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Èkó ní aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn. Òru ò ṣe é rìn lójú ọ̀nà wa, orí àga ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo máa fi wọ ilé Bàbá, àwọn obìnrin ilé ti ń gbálẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí. Ó ní, "Bàbá mi, owó gbà-má-bínú wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí, tiyín sì ni." Inú mi ò kọ́kọ́ dùn sí i. Owó wo ló fẹ́ gba Bàbá padà? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi ní Ifá ló mọ ìdí tí òun fi dá mi dúró, pé babaláwo tó ń lé owó kiri á tẹ́. Èkejì, ẹni tó mọ̀ jù, ní kí n fi kún un pé mo ṣàìsàn, pé mo sanwó ilé ìtura, wọn ò ní mọ̀. Mo dá àwọn méjèèjì lóhùn. Bí Ifá bá dá mi dúró, Ifá kọ́ ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó gba owó lọ́wọ́ èèyàn ló ní bàálù, òun náà ló sì yẹ kí ó tún un ṣe kó tó pa èrò pọ̀. Ní ti irọ́, òfin náà ò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Iye tí wọ́n máa san ti wà nílẹ̀, wọn kì í béèrè ohun tí o pàdánù.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni 261, ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é. Ìlú Ọba ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, ṣùgbọ́n wọ́n mú òfin náà dání. Ó kan bàálù èyíkéyìí tó bá gbéra ní Ìlú Ọba, ì báà jẹ́ ti òyìnbó tàbí tiwa. Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Fún ọ̀nà tó bá ti ju 3,500 lọ, bí o bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ kí o tó dé, £520 ni. Bí ó bá wà láàárín mẹ́ta sí mẹ́rin, £260 ni. Ìgbà tí o dé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìgbà tí o gbéra, ìgbà tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè ní ìgbà tí o dé. Ẹ rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi í sọ́kàn. Ẹni tó pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí táyà kan ilẹ̀ lè ti kọjá mẹ́ta kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ mi bá mi kọ lẹ́tà sí wọn. A fi nọ́ńbà bàálù sí i, ọjọ́, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, àti àwòrán pélébé ìwé tí mo fi wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sọ pélébé yẹn nù. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: wọ́n kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá agbára wọn, nítorí náà wọn ò ní san nǹkan kan. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń padà lẹ́yìn wọn. Lóòótọ́, òfin dá wọn sí bí ó bá jẹ́ ìjì, tàbí tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú bá daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá a lọ́dún 2014 pé kí nǹkan bàjẹ́ lára bàálù nítorí lílò kì í ṣe ohun tó kọjá agbára. Ẹni tó ní mọ́tò mọ̀ pé mọ́tò ń bàjẹ́. Mo ní kí ọmọ mi kọ ọ́ padà, kí ó fi ohun tí wọ́n kéde sí i, àti aago tí wọ́n kéde rẹ̀, láti inú ìwé kékeré mi. Kí ó sì bi wọ́n pé kí ni ohun náà gan-an tó kọjá agbára wọn.

Wọn ò dá ìyẹn lóhùn. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn á fún mi ní ìwé tí mo lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ mìíràn, kí n sáà fọwọ́ sí i. Mi ò fọwọ́ sí i. Owó ni òfin ní kí wọ́n san, àyàfi bí èrò bá fọwọ́ ara rẹ̀ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi sọ fún wọn pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé láti ìgbà tí a kọ́kọ́ kọ̀wé, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà. Kí ó tó pé ni £520 wọ akáǹtì, gbogbo rẹ̀ pé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń bá èèyàn gba irú owó yìí, tí wọ́n á sì yọ tiwọn nínú rẹ̀. A ò lo ìkankan nínú wọn. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni.

Ẹ má rò pé ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ bá ń lọ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bàálù Ìlú Ọba tàbí ti Yúróòpù ni òfin yìí mú, kò mú tàwọn yòókù. Láàárín Èkó sí Àbújá, òfin tiwa ni, Part 19 nínú ìwé àjọ NCAA, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ tí a lè lọ bá nínú pápákọ̀. Ẹni tí ó bá sì ti há sí Lọ́ńdọ̀nù bí tèmi ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, kò tíì pẹ́ jù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àríyànjiyàn tó wá kù ni ti ẹni tó ni owó náà. Ìyá ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo jókòó. Òfin ní ẹni tó jókòó ló ni ín. Síbẹ̀ mo pè é, mo sọ iye rẹ̀ fún un, mo ní kí ó mú ìdajì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí i pé ẹ̀yin lẹ pàdánù?"

Mo kó o lọ sílé Bàbá. Mo gbé e síwájú Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, mo sọ ibi tó ti wá. Ìyá ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Àwọn oníbàálù yẹn, ṣé wọ́n bẹ̀ ọ́?" Mo ní wọ́n kọ̀wé. Wọ́n ní kí n kà á. Ìlà méjì péré ni, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá: wọ́n tọrọ àforíjì fún ìnira tó bá mi. Ìyá ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ ní ojúbọ Bàbá, kí n kó owó lọ ra ewúrẹ́ tí a máa lò nígbà tí a bá padà wá ṣèrántí. Ó wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀dà àwọn lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá nílò wọn, kí ó bá mi ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, kí ó mú pélébé ìwé rẹ̀ dání. Ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ di ìwé tó ń bọ̀.