Ẹ Gba Ìwé Àṣẹ Kí Ẹ Tó Kọ́lé

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ
Bíbélì kíkà: Nehemiah 2:1-8

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí owó kòkó bá ti wọlé, ni ọ̀pọ̀ wa ní Ìdànrè máa ń bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé àṣẹ.

Nehemiah gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ. Síbẹ̀, kò kàn gbéra lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó tọrọ ìwé lọ́wọ́ ọba Artasasta: ìwé fún àwọn gómìnà, kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá, àti ìwé fún Asafu, olùtọ́jú igbó ọba, kí ó lè rí igi gbà. Ẹni tí ó gbàdúrà náà ni ó gba ìwé.

Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 béèrè pé kí a gba àṣẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ilé. Ní ọdún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ó lọ.

Kì í ṣe ilé tuntun nìkan o. Ẹni tí ó sọ pálọ̀ rẹ̀ di ilé ìjọsìn, tàbí tí ó sọ sítọ́ọ̀ kòkó di ilé ẹ̀kọ́, ti yí ìlò ilé padà, bí kò tilẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù kan kún un. Ilé tí ó gba ẹni mẹ́fà lè má gba ọgọ́ta. Ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó, àti bí yóò ti rí fún àwọn aládùúgbò.

Ẹ mú ìwé ilẹ̀ dání, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀fíyọ̀ tí ìjọba mọ̀ fọwọ́ sí, àti àwòrán ilé. Bí ó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò irin àti kọnkéré. Àpáta ni ó yí wa ká, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó wo ibi tí àgbàrá ń gbà wá. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí ẹ bá san. Ìwé tí a fi rìbá gbà kò lè gbé ilé ró.

Àwọn kan ń sọ pé, “Ilé Ọlọ́run ni, kò sí ohun tí yóò ṣe é.” Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue Church of All Nations ní Ìkòtún, Èkó, wó lulẹ̀. Ènìyàn 116 kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò láti South Africa. Ní ọdún 2015, adájọ́ tí ó wádìí ikú wọn sọ pé àléébù wà nínú bí a ṣe kọ́ ilé náà, àti pé ìjọ náà kò ní ìwé àṣẹ fún un. Ìjọ náà kò gba ẹ̀bi.

Ẹ ka Deuteronomi 22:8. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pàṣẹ ìgbátí sí orí òrùlé, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ṣubú má baà wà lórí onílé. Ìwé àṣẹ jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbátí ti òde òní.

OHUN ṢÍṢE: Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì.

ÀDÚRÀ: Olúwa, má ṣe jẹ́ kí ilé tí mo kọ́ di ibojì ẹnikẹ́ni. Àmín.